Bí A Ṣe Lè Lé Májèlé Èbu Jìnnà sí Wàrà Màlúù: Láti Inú Àpò Oúnjẹ Dé Inú Igbá

Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin màlúù mẹ́rin lẹ́yìn ìlú Ìsẹ́yìn, òjò kan jò wọ inú sìtọ́ọ̀ mi lóru. Àpò èérí àgbàdo méjì ló wà lábẹ́ ibi tí páànù ti lu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tú wọn sílẹ̀, mo sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ kan péré, mo sì kó wọn padà sínú àpò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí mo ki ọwọ́ bọ inú àpò náà, ó móoru bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ́ bọ abẹ́ adìẹ tó ń sàba. Èérí náà ti dì ní ìṣù-ìṣù. Mo fọ́ ìṣù kan, eruku aláwọ̀ ewé bú jáde nínú rẹ̀, òórùn yàrá tí a ti tì pa láti ọdún kan sì gba imú mi.

Mo bu ú fún àwọn màlúù náà. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé màlúù kì í ṣe èèyàn, ikùn rẹ̀ le. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, ara wọn sì le koko. Lọ́jọ́ kejì mo fún wàrà wọn, mo gbé e lọ fún ìyá oníwàrà tó ń rà á lọ́wọ́ mi, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń mu nínú rẹ̀ kó tó gbé ìkòkò kaná.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kan wá sí ìpàdé àwa olóhun-ọ̀sìn, tó sì là á yé wa ohun tí èbu ń ṣe. Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Gbogbo ohun tí mo kọ síbí ni mo ti ń ṣe látìgbà náà, fún ẹni tó ń sin màlúù, fún ẹni tó ń ra wàrà ní gàá, àti fún ìyá tó ń sè é tà.

Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ̀

Èbu kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aspergillus flavus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Bí ọ̀dá bá mú àgbàdo lóko, tàbí tí a kó àgbàdo àti ẹ̀pà jọ nígbà tí omi ṣì wà lára wọn, èbu yìí á gùn wọ́n, á sì máa tú májèlé kan tó ń jẹ́ aflatoxin sínú wọn. Ọdún 1960 ni ayé mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n tọ pinpin rẹ̀, inú pàǹtí ẹ̀pà tí wọ́n kó wá láti Brazil, tí wọ́n fi po oúnjẹ wọn, ni wọ́n ti rí i.

Èyí tó burú jù nínú ìdílé májèlé yìí ni B1. Bí màlúù bá jẹ ẹ́, ẹ̀dọ̀ màlúù á yí apá kan rẹ̀ padà di M1, M1 yìí ló sì ń gba ọmú jáde. Kì í pẹ́: láàárín wákàtí 12 sí 24 tí màlúù jẹ oúnjẹ náà, ó ti dé inú wàrà. Nínú 100 B1 tó wọlé, 1 sí 2 ló sábà máa ń jáde ní M1, ó sì lè tó 6 lára màlúù tó ń sun wàrà púpọ̀.

Ó lè dà bíi pé ó kéré. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí kílò kan oúnjẹ màlúù bá ní 100 microgram B1 (microgram kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù), tí màlúù jẹ kílò méjì lójúmọ́, 200 microgram ló gbé mì. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 2 microgram. Màlúù tó ń sun lítà méjì lójúmọ́ á pín in sí lítà méjèèjì, lítà kan á ní 1 microgram. Codex, ìyẹn àjọ tí FAO (àjọ àgbáyé lórí oúnjẹ àti ọ̀gbìn) àti Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí oúnjẹ, sọ pé M1 kò gbọ́dọ̀ ju 0.5 microgram lọ nínú kílò wàrà kan. Amẹ́ríkà náà ń lo 0.5. Àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù le ju bẹ́ẹ̀ lọ, 0.05 ni tiwọn. Àpò oúnjẹ tó bu díẹ̀, tí ojú lásán lè fò dá, ti tó láti sọ wàrà di ìlọ́po méjì ohun tí Codex gbà láàyè.

Àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka aflatoxin mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ sára èèyàn, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní pàtàkì. Kì í pa èèyàn lọ́jọ́ tó mu ún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi rí i mú. Ọmọdé ló sì ń mu wàrà jù, bí a bá fi wé ìwọ̀n ara rẹ̀.

Iná kò ràn án

Nígbà tí mo lọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ìyá oníwàrà, ìbéèrè tó bi mí ni pé, “Ọmọ mi, ṣebí iná ń pa gbogbo nǹkan?” Mo ní, “Kòkòrò niná ń pa, màmá. Eléyìí kì í ṣe kòkòrò, kò ní ẹ̀mí tí iná fẹ́ gbà.”

Sísè kò mú M1 kúrò. Ẹ̀rọ tó ń gbé wàrà gbóná nílé iṣẹ́ kò mú un kúrò, fíríìjì kò mú un kúrò, lílọ̀ ọ́ di lúbúlúbú bíi ti inú agolo kò mú un kúrò. Fífi í kan láti ṣe nọ́nò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ má ṣe tìtorí èyí pa sísè tì o! Wàrà tútù lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àrùn màlúù mìíràn, ìyẹn ni iná ń bá wa mú. Ti èbu nìkan ni kò sí lọ́wọ́ iná.

Wàrà tí a fi ewé bọmubọmu dì ló tiẹ̀ yẹ ká ṣọ́ jù. M1 fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ èròjà tó ń dì nínú wàrà. Bí ìyá oníwàrà bá fún omi bọmubọmu sínú ìkòkò, tí èyí tó dì léfòó, tí omi wàrà sì ṣẹ́ kúrò, M1 púpọ̀ á bá èyí tó dì lọ. Nínú wàràkàṣì tó rọ̀ bí irú èyí, ó máa ń tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wà nínú wàrà tútù tí a fi ṣe é. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ gbogbo fi wà lẹ́yìn, níbi tí màlúù ti ń jẹun.

Ìgbésẹ̀ kìíní: yẹ ohun tí o fẹ́ rà wò kí o tó sanwó

Koríko tútù kì í sábà ní ìṣòro yìí. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń kó wa sí i, nígbà tí pápá bá gbẹ tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra èérí àgbàdo, pàǹtí ẹ̀pà, pàǹtí èso òwú, èèpo pákí gbígbẹ.

Pàǹtí ẹ̀pà ni mo ń fura sí jù, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀pà tó dára, ọjà ló ń lọ. Èyí tó wúnkì, tó dúdú, tó ti hu kàsì, wọ́n á ṣà á sọ́tọ̀, wọ́n á fún epo rẹ̀. Epo kì í gbé májèlé náà lọ púpọ̀. Inú pàǹtí ló ń ṣẹ́ kù sí, pàǹtí náà la sì ń gbé fún màlúù. Tún rántí pé àwọn tó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀pà máa ń wọ́n omi sí i kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀. Omi yẹn nìkan ti tó fún èbu láti bẹ̀rẹ̀.

Ní kí wọ́n tú àpò náà fún ọ láti ìsàlẹ̀, má wo ẹnu rẹ̀ nìkan. Ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Bó bá móoru, bó bá dì ní ìṣù, bí o bá rí àwọ̀ ewé, àwọ̀ òfeefèé tàbí dúdú lára rẹ̀, bí òórùn rẹ̀ bá ń kan imú, fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Fi aṣọ bo imú bí o bá ń ṣe é, eruku èbu kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣùgbọ́n ojú kò tó láti fọkàn tán. Àgbàdo lè mọ́ lójú kí májèlé sì wà nínú rẹ̀, nítorí èbu lè ti kú tán kí ohun tó tú sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kì í tún pín dọ́gba nínú àpò. Hóró bíi mélòó kan lè ru gbogbo ẹrù náà. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò kí o dá àgbàdo sórí atẹ, kí o ṣa hóró tó fọ́, èyí tí kòkòrò jẹ, tó wúnkì àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ kúrò. Ó máa ń gba àkókò mi, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ohun púpọ̀ kúrò.

Ìgbésẹ̀ kejì: gbígbẹ, kí o sì fi ìgò àti iyọ̀ dán an wò

Bó bá jẹ́ ìwọ lo ń gbin àgbàdo rẹ, má fi í sílẹ̀ lórí ìdúró lẹ́yìn tó bá ti gbó. Má sá a sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, inú ilẹ̀ ni èbu náà ń gbé. Tẹ́ tapólíìnì tàbí kí o sá a sórí àtẹ́lẹ̀ tí a gbé sókè, kí o sì máa kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀.

Èwo ló gbẹ? Ọ̀pọ̀ wa ń fi eyín gé e. Eyín ń tanni jẹ. Àgbàdo tí a ó kó pamọ́ kò gbọ́dọ̀ ní ju omi 13 nínú 100 lọ, ẹ̀pà kò sì gbọ́dọ̀ ju 7 tàbí 8. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè ṣe báyìí:

Wá ìgò kan tó mọ́, tó gbẹ dáadáa, tó sì ní ọmọrí. Ìgò tó lè gba bíi mílílítà 750 dára. Sá iyọ̀ díẹ̀ sóòrùn títí tí kò fi ní dì mọ́ra mọ́. Da àgbàdo sínú ìgò náà kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Bu ṣíbí iyọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lé e, ṣíbí tí a fi ń jẹun. Dé e, mì í jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú kan, kí o sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Wá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò bí ìyẹ̀fun, omi inú àgbàdo náà ṣì ju 15 nínú 100 lọ, dá a padà sóòrùn. Bí iyọ̀ bá bọ́ sí ìdí ìgò, tí ara ìgò mọ́ kedere, ó ti wálẹ̀ sísàlẹ̀ 15. Èmi máa ń fi oòrùn ọjọ́ kan tàbí méjì kún un lẹ́yìn náà, nítorí 13 ni mò ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì máa ń ṣe é, látinú òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ òkìtì náà.

Èérí tí a ti lọ̀ kò ṣe é dán wò bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ fúnra rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìgò. Èérí tí omi bá kàn, má tan ara rẹ bí mo ṣe tan ara mi pé oòrùn ọjọ́ kan á tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi ìkẹ́rùsí

Tẹ́ pákó sílẹ̀ kí àpò má kan ilẹ̀. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Wo páànù rẹ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ra ìwọ̀nba ohun tí màlúù rẹ lè jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe lórí ogún àpò kò tó ohun tí àpò kan tó bu máa ná ọ.

Fún ọkà àti ẹ̀pà tó ti gbẹ, àpò PICS onípele mẹ́ta wúlò gidigidi: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun kan lóde. Bí a bá so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́nu pinpin, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé, kòkòrò á kú, èbu kò sì ní lè dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ohun tí o rọ sínú rẹ̀ kò bá gbẹ, ńṣe lo se é mọ́nú ọ̀rinrin rẹ̀.

Mo ní ìwé kékeré kan tó so kọ́ ẹnu ọ̀nà sìtọ́ọ̀. Ọjọ́ tí mo ra àpò, ibi tí mo ti rà á, ọjọ́ tí mo ṣí i, màlúù tó jẹ nínú rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyá oníwàrà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń ní kí n ka tọ̀sẹ̀ yẹn sí òun létí kó tó sanwó, mo sì ń kà á.

Bí o bá ń dáko fúnra rẹ

IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan tó ń jẹ́ Aflasafe. Èbu ni wọ́n fi ń lé èbu. Wọ́n wá irú Aspergillus flavus tí kì í ṣe májèlé, tó sì jẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà níbí, wọ́n fi bo ọkà bàbà. A ó fọ́n ọn sí oko àgbàdo tàbí ẹ̀pà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó yọ òdòdó, kílò 10 fún hẹ́kítà kan, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Èbu rere yìí á gba ilẹ̀ mọ́ èyí tó burú lọ́wọ́, ó sì ń dín májèlé kù ní ìwọ̀n 80 sí 99 nínú 100. NAFDAC ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014. Má jẹ́ kí adìẹ ṣà á jẹ, má sì jẹ́ kí ọmọdé kà á sí ọkà tí a ń sè.

Bí màlúù bá ti jẹ ẹ́

Eléyìí ló bá mi, mo sì fẹ́ kí o tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ.

Gbé oúnjẹ náà kúrò níwájú wọn lójú ẹsẹ̀, kódà bí wọ́n bá ti jẹ ìdajì. Fún wọn ní koríko tútù tàbí oúnjẹ láti inú àpò mìíràn tó dá ọ lójú. Máa fún wàrà wọn bó o ṣe ń fún un tẹ́lẹ̀, kí ọmú má baà wú, ṣùgbọ́n dà á nù. Má tà á, má sè é, má fi í ṣe wàràkàṣì, má gbé e fún ọmọ màlúù. Ka ọjọ́ mẹ́rin gbáko láti ọjọ́ tí o gbé oúnjẹ náà kúrò. Ara màlúù máa ń tú M1 jáde tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin bí B1 kò bá tún wọlé mọ́. Owó ọjọ́ mẹ́rin máa dun èèyàn, mo mọ̀. Sọ fún oníbàárà rẹ. Mi ò pàdánù ìyá oníwàrà nítorí pé mo sọ òtítọ́ fún un.

Oúnjẹ tó bu náà ńkọ́? Má pò ó mọ́ èyí tó dára láti fi dín in kù, gbogbo rẹ̀ lo máa bà jẹ́. Má fà á lé adìẹ lọ́wọ́, pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló ló tètè ń kú sí i jù. Má tà á fún ilé ìpo-oúnjẹ-ẹran. Gbẹ́ ihò jìnnà sí kànga, kí o sì bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹran tún máa ń ta amọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní toxin binder. Irú èyí tí a fi bentonite ṣe máa ń di B1 mú nínú ikùn màlúù kó má baà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, bí a bá lo ìwọ̀n tó wà lára àpò rẹ̀. Má lọ wa amọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà láti fi rọ́pò rẹ̀, o ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ láti máa ra àpò tó bu.

Fún àwọn tó ń gba wàrà jọ, àti ìjọba

Níbi tí a ti ń da wàrà agbo mẹ́wàá pọ̀ sínú táńkì kan, màlúù ẹnì kan lè ba ti gbogbo wa jẹ́. Bébà àyẹ̀wò wà báyìí tí a ń kì bọ wàrà, tí ìlà máa ń yọ lára rẹ̀ bíi ti àyẹ̀wò oyún, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi ìkówàràjọ ló yẹ kó wà, kí wọ́n máa lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Serbia. Ọ̀dá mú àgbàdo wọn ní 2012, màlúù jẹ ẹ́, nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2013 M1 ti kún inú wàrà lórí igbá ọjà. Ohun tí ìjọba wọn ṣe ni pé wọ́n gbé ìwọ̀n M1 tí òfin gbà láàyè láti 0.05 lọ sí 0.5. Wàrà náà kò yí padà, òǹkà ni wọ́n yí. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí rẹ̀. Kí ìjọba tiwa ràn wá lọ́wọ́ láti sá àgbàdo gbẹ, ìyẹn la fẹ́. Ẹ rántí ohun tí àgbàdo tí kò gbẹ lè fà: ní Kẹ́ńyà ní 2004, àgbàdo tó bu fúnra rẹ̀ ni àwọn èèyàn jẹ: 317 ló ṣàìsàn, 125 kú nínú wọn.

Nínú ilé, fún àwọn ọmọ

Bí o bá ń ra wàrà, bi olówó rẹ̀ ní ohun tí màlúù rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó ń da màlúù sínú koríko tútù á dáhùn kíá. Ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, má ṣe gbé gbogbo oúnjẹ ọmọ ka orí wàrà nìkan. Ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja wà.

Abiyamọ tó ń jẹ àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bu, M1 lè wà nínú ọmú tirẹ̀ náà. Kó má tìtorí ẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú o. Ẹ̀pà tó korò lẹ́nu ni kó tu dànù, àgbàdo ògì rẹ̀ ni kó ṣà dáadáa kó tó rẹ ẹ́.

Ẹni tí àrùn mẹ́dọ̀wú B wà lára rẹ̀ ni aflatoxin ń ṣe níkà jù: bí méjèèjì bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀ kan, ewu jẹjẹrẹ lè di ìlọ́po 30 ti aflatoxin nìkan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọmọ tuntun ń gba ti àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 tí a bí i, yóò sì gba ìyókù nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Àgbàlagbà tí kò gbà á rí lè lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, bí àrùn náà kò bá sí lára rẹ̀, kó gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.